Olùwà àti Àbọ̀ nínú Gírámà Yorùbá: Ìtàn Àríyànjiyàn Kan láti 1843, àti Àyè Ẹ̀ka-Èdè Àríwá Èkìtì nínú Rẹ̀

Ìfáárà

Gbólóhùn méjì ni ìbéèrè inú iṣẹ́ yìí dá lé lórí: Adé rí Olú, àti Olú rí Adé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà ni ó wà nínú méjèèjì. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò ṣi ẹni tí ó ríran mú fún ẹni tí wọ́n rí. Kí ni ó ń fi ìyàtọ̀ náà hàn? Èsì tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni pé ipò ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn ni: olùwà a máa ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀ a sì máa tẹ̀lé e. Èsì yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tán ọ̀rọ̀ náà. Àwọn arọ́pò-orúkọ ní ìrísí kan fún ipò olùwà, wọ́n sì ní òmíràn fún ipò àbọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ohùn òkè kan wà tí ó máa ń fara pamọ́ sáàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí tí àwọn onímọ̀ gírámà kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Ète iṣẹ́ yìí ni láti tọ ipasẹ̀ àríyànjiyàn náà láti 1843, nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ́kọ́ tẹ ìlànà gírámà Yorùbá jáde, títí di ìgbà tí àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gírámà wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Èrò tí iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ ni pé irú Yorùbá tí ó wà níwájú onígírámà kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ Yorùbá náà sílẹ̀, ni ó pinnu ohun tí onítọ̀hún rí. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé, Ìdó àti agbègbè wọn ní àríwá Èkìtì pẹ́ kí ó tó dé ibi ẹjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ kan gbòǹgbò ọ̀rọ̀.

1. Ọ̀nà tí èdè ń gbà fi olùwà àti àbọ̀ hàn

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn èdè ayé. Èkíní ni ipò nínú gbólóhùn. Èkejì ni ìrísí ọ̀rọ̀-orúkọ fúnra rẹ̀, bí ó ti rí nínú èdè Látìn, níbi tí ìparí ọ̀rọ̀-orúkọ ti ń yí padà bí iṣẹ́ rẹ̀ bá yí padà. Ẹ̀kẹta ni àmì tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń gbé kọ́ ara rẹ̀ láti jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí.

Èdè kan lè lo ju ọ̀nà kan lọ. Àpẹẹrẹ tí ó fi èyí hàn kedere ni Klingon, èdè tí Marc Okrand, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ará Amẹ́ríkà, ṣẹ̀dá fún fíìmù Star Trek, tí ìwé atúmọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 1985. Nínú èdè yìí, àbọ̀ ni ó ń ṣíwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe a tẹ̀lé e, olùwà a sì gbẹ̀yìn: puq legh yaS túmọ̀ sí pé ọ̀gágun rí ọmọ; bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ pé ọmọ ni ó rí ọ̀gágun, yaS legh puq ni wọn yóò wí. Ìtò yìí ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú àròsọ nìkan ni ó wà. Hixkaryana, èdè àwọn ènìyàn kan ní orílẹ̀-èdè Brazil, ń lò ó pẹ̀lú. Klingon tún ń fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo dárúkọ olùwà àti àbọ̀ pọ̀ lára ọ̀rọ̀-ìṣe: qalegh ni "mo rí ọ", vIlegh ni "mo rí i". Ṣùgbọ́n bí olùwà bá jẹ́ ẹnì kẹta ẹyọ, tí àbọ̀ náà sì jẹ́ ẹnì kẹta ẹyọ, àfòmọ́ kankan kò sí níbẹ̀. Legh lásán ti tó. Òfo náà di àmì. Ó yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé irú òfo bẹ́ẹ̀ ni àríyànjiyàn lórí ó nínú gírámà Yorùbá padà wá dá lé.

Ní ti Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í yí ìrísí padà. Arọ́pò-orúkọ nìkan ni ó ní ìrísí méjì: mo, o, ó, a, ẹ, wọ́n fún olùwà, mi, ọ, wa, yín, wọn fún àbọ̀. Àbọ̀ ẹnì kẹta ẹyọ kò ní ìrísí tirẹ̀ rárá. Fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń yá lò: ó rí i, ó pa á, ó kọ́ ọ. Ohùn náà ní òfin tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ní ohùn òkè, àbọ̀ yóò ní ohùn àárín: ó rí mi, ó rí wọn. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ní ohùn àárín tàbí ohùn ìsàlẹ̀, àbọ̀ yóò gba ohùn òkè: ó pa mí, ó gbà wọ́n. Yín nìkan ni ohùn rẹ̀ kì í yí padà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú a máa fi hàn pé àbọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bíi gbà àti kà yóò di olóhùn àárín bí àbọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ: gba owó, ka ìwé. Bí àbọ̀ náà bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ náà yóò dúró: gbà á, kà á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ipò nìkan ni Yorùbá ń lò ti fi etí kan sílẹ̀.

2. Láti Freetown dé Bíbélì odindi, 1843 sí 1900

Ìlú Freetown ni gírámà Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tí ọkọ̀ ojú-omi ọba Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Aku. Hannah Kilham àti John Raban ti kó àwọn ọ̀rọ̀ jọ ṣáájú 1840, ṣùgbọ́n Crowther, ọmọ Òṣogùn, ni ó kọ́kọ́ gbé ìlànà gírámà kalẹ̀ níwájú ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ti 1843. Ní 1852, ó tẹ gírámà náà jáde lọ́tọ̀. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tẹ̀lé e pẹ̀lú gírámà àti ìwé atúmọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Smithsonian tẹ̀ jáde ní 1858. J. B. Wood sì kọ àlàyé tirẹ̀ ní 1879.

Àwọn ìwé wọ̀nyí tẹ̀lé ìlànà gírámà Gẹ̀ẹ́sì àti Látìn tí àwọn òǹkọ̀wé wọn kọ́. Wọ́n to arọ́pò-orúkọ ní ìpele ìpele, ti olùwà, ti oní-nǹkan àti ti àbọ̀, bí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ti ń ṣe. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí bú wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n dáwọ́ lé ni láti sọ èdè di èyí tí ènìyàn lè kọ, tí ó lè kà, tí ó sì lè fi wàásù. Wọ́n sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí ipa wọn kò tíì parẹ́.

Èkíní ni pé Yorùbá Ọ̀yọ́ ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ èdè tí wọ́n kọ. S. W. Koelle, nínú ìwé rẹ̀ Polyglotta Africana ti 1854, kó ọ̀rọ̀ jọ láti ẹnu àwọn Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti Ondó tí ó wà ní Freetown, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àti àpólà kéékèèké ni ó kó. A kò lè fi ìyẹn nìkan mọ bí olùwà ṣe ń bá ọ̀rọ̀-ìṣe lò.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àkọtọ́. Ìpàdé tí àwọn ìjọ C.M.S. ṣe ní Èkó ní 1875 fìdí ọ̀nà ìkọ̀wé múlẹ̀, Bíbélì odindi jáde ní 1884, àtúnṣe rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 1900. Nínú àkọtọ́ yìí, wọn kì í fi àmì sórí gbogbo ohùn, wọn kò sì kọ ohùn òkè tí ó wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe rárá. Ẹni tí ó bá ń kà á láti inú ìwé kò lè mọ̀ pé ó wà. Síbẹ̀, àwọn atúmọ̀ náà nímọ̀lára pé ó yẹ kí ojú rí ìyàtọ̀ láàárín olùwà àti àbọ̀ ní ibi kan: nwọn ni wọ́n ń kọ fún olùwà, wọn ni wọ́n sì ń kọ fún àbọ̀. N kan ṣoṣo náà ni ó dúró bí àmì olùwà lójú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àtúnṣe àkọtọ́ ní 1974, n náà kúrò, ó wá ku ohùn. Ohùn pàápàá kò sì tó nígbà gbogbo, nítorí pé ohùn òkè wà lórí méjèèjì nínú wọ́n pa wọ́n. Ipò ni ó ń gbà wá níbẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, Èkìtì wà nínú ìjàngbọ̀n. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ-ogun tó tú ká lójú ogun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì. Ìwé tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn ti jẹ́ ìwé tí ó ti parí: àwọn ọmọ Èkìtì kọ́ láti kà á, wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu bí yóò ti rí.

3. Etí gbọ́ ohun tí ojú kò rí, 1952 sí 1990

Ìyípadà dé nígbà tí ìwádìí kúrò lójú ìwé tí ó sì bọ́ sí etí. Ida Ward, ẹni tí ó kú ní 1949, fi ìwé kan sílẹ̀ lórí èdè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1952. Ohùn ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. R. C. Abraham náà fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ti 1958. Láti ìgbà náà, kò ṣeé ṣe mọ́ láti fojú fo ohùn òkè náà dá.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Lójú ìwé, a ó kọ ọmọ lọ. Lẹ́nu, ohùn òkè a máa gun ìparí olùwà, tí ó fi ń dún bí ọmọ́ lọ. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti ní ohùn òkè ní ìparí, bíi Adé àti Olú, etí lè má tètè gbọ́ ọ. Ohùn yìí kì í sí nínú ọmọ kò lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í sí nínú ọmọ yóò lọ. Kì í sì í bá mo, o, a àti ẹ rìn.

Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú A Grammar of Yoruba tí ó jáde ní 1966, rí ohùn náà gẹ́gẹ́ bí àmì oríta tí olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ti pàdé. Lójú rẹ̀, ó tí ó wà nínú ó lọ jẹ́ arọ́pò-orúkọ bíi mo àti a. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà sọ pé àfòmọ́ ìbáramu ni ohùn náà, èyí tí ọ̀rọ̀-ìṣe fi ń jẹ́ olùwà rẹ̀ lẹ́rìí, bí àwọn èdè Bantu ti ń ṣe. Ọládélé Awóbùlúyì dá wọn lóhùn ní 1975, ó tako èrò ìbáramu náà. Nínú Essentials of Yoruba Grammar ti 1978, ó tò ó mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ń ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ní iṣẹ́ àsìkò ni ó ń ṣe. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó tẹ̀ síwájú pé ó fúnra rẹ̀ kì í ṣe arọ́pò-orúkọ: ohùn òkè yẹn náà ni, arọ́pò-orúkọ ẹnì kẹta ẹyọ gan-an kò sì ní ìró kankan.

Ẹ̀rí tí ó ti èrò yìí lẹ́yìn kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nínú kò lọ àti yóò lọ, kò sí ó, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹnì kẹta ẹyọ ni ọ̀rọ̀ ń bá wí. Nínú kí ọmọ ó tó dé, ó wà níbẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ti gba ipò olùwà. Nínú àwọn ọmọ ni ó jẹ ẹ́ àti àwa ni ó ni ín, ó kò bá iye tàbí ẹni mu. Wọ́n lọ sì di wọn kò lọ, èyí tí ó fi hàn pé ohùn òkè ṣeé yọ kúrò lára wọn. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, Yorùbá àti Klingon tí a mẹ́nu bà lókè pàdé ní ibi kan: òfo ni ẹnì kẹta ẹyọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà fún ìhà kejì pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá èyíkéyìí pé ta ni ó lọ, tí èsì sì jẹ́ ó lọ, ipò tí mo, a àti ẹ ń gbà gan-an ni ó gbà. Fọnọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá tí Bámgbóṣé kọ ní 1990 ṣì tò ó mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìwé ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ń kọ́ni. Kí ó má baà dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì kàn ń tako ara wọn, ó yẹ kí a rántí pé wọ́n jọ fún àríyànjiyàn náà ní èdè tirẹ̀. Ìdìpọ̀ kìíní ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, èkejì tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì jáde ní 1990. Nípa báyìí ni ó fi ṣeé ṣe láti jiyàn lórí olùwà àti àbọ̀ láìkúrò nínú Yorùbá.

4. Ohun tí àríwá Èkìtì ní láti sọ

Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó jẹ́ pápá ìjà fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀rí òkè wọ̀nyí. Abíọ́dún Adétùgbọ́, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ti 1967, pín ẹ̀ka-èdè ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó fi Èkìtì sí Àárín Gbùngbùn, ó sì fi hàn pé ẹ̀ka yìí ni ó tọ́jú ètò fáwẹ̀lì àtijọ́ jù lọ. Ohun mẹ́ta láti ibẹ̀ ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí.

Èkíní ni àǹkóò fáwẹ̀lì. Ní Yorùbá àjùmọ̀lò, mo kì í yí padà. Ní Èkìtì, fáwẹ̀lì arọ́pò-orúkọ olùwà a máa bá ti ọ̀rọ̀-ìṣe mu: mo níwájú dé, ṣùgbọ́n mọ níwájú lọ. Èyí fi hàn pé olùwà kúkúrú ti so mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tímọ́tímọ́, bí àfòmọ́ ti ń so. Ó tún gbé ohun kan jáde tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi pamọ́. Nínú rí i, pa á àti kọ́ ọ, àbọ̀ ni ó ń yá fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe. Ní Èkìtì, olùwà pẹ̀lú ń gba àwọ̀ lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe dúró láàárín, ó ń nawọ́ sí ọ̀tún àti sí òsì. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣíwájú, nígbà náà, ni bóyá ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró ni olùwà kúkúrú jẹ́ tàbí ara ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá ó jẹ́ arọ́pò-orúkọ tàbí kò jẹ́ ẹ.

Èkejì ni ẹnì kejì ọ̀pọ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò ní ẹ fún olùwà àti yín fún àbọ̀, tí ọ̀kan kò jọ èkejì rárá. Èkìtì ń lo in fún olùwà. Ẹni tí ó bá gbé in sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín àti ẹ̀yin yóò rí i pé ìbátan ni wọ́n, pé ẹ ni àlejò àárín wọn. Ó jọ pé ìrísí méjì tí ó jìnnà síra báyìí kì í ṣe ogún àtijọ́ gbogbo Yorùbá, bí kò ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní apá kan.

Ẹ̀kẹta ni ẹnì kẹta ọ̀pọ̀. Èkìtì ní án, ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára in, nígbà tí ẹ̀ka-èdè ìlà-oòrùn gúúsù ti da ẹnì kejì àti ẹnì kẹta ọ̀pọ̀ pọ̀. Adétùgbọ́ rò pé àṣà fífi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún àgbà lè jẹ́ ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ ní ìhà Ọ̀yọ́. Àlàyé yìí mú ọgbọ́n wá, ṣùgbọ́n Èkìtì, níbi tí o àti ọ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè fi bá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí àfojúdi, ya méjèèjì sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ọ̀wọ̀ nìkan kò lè jẹ́ ìdí rẹ̀ níbi gbogbo.

5. Ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí

Àríyànjiyàn yìí lè dà bí iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gírámà ilé-ẹ̀kọ́ bá to mo, o, ó, a, ẹ, wọ́n sójú pátákó gẹ́gẹ́ bí arọ́pò-orúkọ Yorùbá, ọmọ tí ó wá láti Ọ̀yẹ́ tàbí Ìlúpéjú gbọ́ pé in àti án kì í ṣe ara èdè náà. Bí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé, àṣìṣe ni. Bí ó bá sì fi o kí àgbà níta Èkìtì, wọ́n lè ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àǹkóò tí ó wà lẹ́nu ọmọ náà jẹ́ ẹ̀rí tí gbogbo onímọ̀ gírámà nílò. Ìwé àjùmọ̀lò ṣe pàtàkì; láìsí i, kò bá má sí èdè kan tí Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì lè jọ kọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n yàn fún ìkọ̀wé kò gbọdọ̀ di òdiwọ̀n ohun tí ó wà nínú èdè.

Àwọn tí ń sọ ẹ̀ka-èdè náà láìsí àdàlù ilé-ẹ̀kọ́ ti di àgbàlagbà. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé. Ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ yóò rìn láti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí ó ń sọ mọ lọ kò jìnnà. Níbẹ̀ ni ó yẹ kí ìgbà tí ó kàn nínú ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀: pẹ̀lú gbólóhùn ìyísódì, gbólóhùn ọjọ́ iwájú àti gbólóhùn kí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà.

Ìgúnlẹ̀

Láti 1843, èsì mẹ́ta ni wọ́n ti fún ìbéèrè ohun tí ń fi olùwà hàn. Àwọn tí ó fi ìwé ṣe ìpìlẹ̀ rí ipò àti ìpele arọ́pò-orúkọ. Àwọn tí ó fi etí ṣe ìpìlẹ̀ rí ohùn òkè, wọ́n sì pín sí méjì lórí rẹ̀. Àwọn tí ó bá fi ẹ̀ka-èdè ṣe ìpìlẹ̀ yóò rí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó fa olùwà àti àbọ̀ mọ́ra. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó parọ́. Ohun tí ó wà níwájú kálukú ni ó ṣàpèjúwe. Ṣùgbọ́n àgbà kì í fetí sí ẹnì kan ṣoṣo kí ó tó dá ẹjọ́. Títí di ìgbà tí ẹ̀rí in, án àti mọ bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ẹ, wọ́n àti mo, ohun tí wọ́n ń pè ní gírámà Yorùbá yóò jẹ́ gírámà apá kan ilẹ̀ Yorùbá.